Ẹ̀yin tó ń tẹ̀lé ìrìn ọjà nínú futures, kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Lágere: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe futures (àdéhùn láti ra ọjà tàbí tà á lọ́jọ́ iwájú, ní iye tí a ti dá sílẹ̀ lónìí), ìbáà ṣe kòkó, góòlù tàbí epo, tí ẹ sì ń tẹ̀lé ibi tí ọjà bá kọrí sí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí owó ò fi tán lọ́wọ́ yín? Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀kọ́ fún wa, kó má wulẹ̀ dá sí i.

Adé Ìsọ̀kùn: Góòlù lèmi ń ṣe, àdéhùn kékeré tí wọ́n ń pè ní máíkrò, tó jẹ́ oúnsì 10, kì í ṣe ńlá tó jẹ́ 100. Tí iye rẹ̀ bá kọjá ibi tó ga jù láàárín 20 ọjọ́, mo rà. Tó bá já sí ibi tó rẹlẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 10, mo jáde. Òfin yìí wà lára ohun tí Richard Dennis, oníṣòwò futures ará Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Chicago ní 1983. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, mo pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Márùn-ún tó kù ló san gbogbo ẹ̀ padà. Mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án yẹn tẹ̀léra wọn.

Ẹlẹ́ran Sábó: Tẹ́tẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì Àtákúmọ̀sà: Ẹ̀ẹ̀mẹfà tẹ̀léra! Ẹ sì ń sùn, bùrọ̀dá?

Adé Ìsọ̀kùn: Mo ń sùn, Àǹtí. Kí n tó wọlé ni mo ti mọ iye tó lè lọ. Nínú náírà 100, náírà kan ni mo ń fi sílẹ̀ fún òwò kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, náírà 6. Ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́: Ẹ dúró ná. Oúnsì 10, tí stop yín (iye tí ẹ ti ní kí wọ́n mú yín jáde tí ọjà bá lòdì sí yín) bá jìnnà ní dọ́là 40, dọ́là 400 nìyẹn. Tí 400 bá jẹ́ ẹyọ kan nínú 100, ẹ ní 40,000 dọ́là nílẹ̀? Ní Iléṣà wo?

Adé Ìsọ̀kùn: Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ ṣírò ẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ló ni ín, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì tó wà lókè òkun ni. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré, CME, ilé ọjà futures ní Chicago, ti gbé góòlù oúnsì 1 jáde láti 2025. Kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Olóko: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó ti pẹ́ nínú mi. Inú oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi lọ́nà Garage Ọlọ́dẹ, mo rò pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní kòkó. Lóṣù kejì 2024, tọ́ọ̀nù kan wọ 6,000 dọ́là ní New York. Mo ní n kò rí irú ẹ̀ rí, ó gbọ́dọ̀ já. Mo bá ta ohun tí n kò ní, pé màá rà á padà tó bá wálẹ̀. Àdéhùn tibẹ̀ gan-an, tọ́ọ̀nù 10 ni, dọ́là kan tó bá fi gùn, dọ́là 10 lo jẹ. Ọlọ́run ló yọ mí, ọ̀dọ̀ búrókà (alágbàtà) tó ń gba tọ́ọ̀nù kan péré ni mo wà. N kò fi stop sí i. Ó di 7,000, mo ní ó máa padà. Ó di 8,000, mo tún fi owó kún un. Kí oṣù kẹta tó parí ó ti kọjá 9,000, búrókà bá ti òwò náà pa mọ́ mi lọ́wọ́. Owó búlọ́ọ̀kù ilé mi ni. Ní gbogbo àkókò yẹn, Bàbá mi ń sọ lórí fóònù pé àrùn ń pa igi ní Ghana àti Ivory Coast, kòkó ò sí nílẹ̀. Wọ́n ń ta àpò mẹ́ta, wọ́n á dúró, wọ́n á tún ta mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì Àtákúmọ̀sà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bàbá ló mọ ọjà.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́: Bàbá ń tẹ̀lé ìrìn ọjà láìní ṣáàtì.

Adé Ìsọ̀kùn: N kò gbà. Tó bá ti já, níbo ni Bàbá máa ti sọ pé ó tó? Kò síbẹ̀. Àwa Ìjẹ̀ṣà, àwọn òṣómàáló wa kì í gbé gbogbo aṣọ fún oníbàárà kan, wọ́n ń pín in káàkiri ìlú. Ìyẹn ni ìṣọ́wó.

Ẹlẹ́ran Sábó: Òṣómàáló kẹ̀! Ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí di alẹ́ nítorí gbèsè, ìgbà wo ló fi stop sí i?

Ìyá Ìbejì Àtákúmọ̀sà: Ẹ fi òṣómàáló sílẹ̀, bàbá mi àgbà ṣe é, kò sí owó ẹ̀ tó sọnù.

Dayọ̀ Mayfair: Stop yẹn náà, ẹ má fi gbogbo ara tì í. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin 2024, kòkó já ju 1,000 dọ́là lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti rà á tẹ́lẹ̀, stop mi wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tí mo fi í sí dáadáa ni wọ́n ti tà á fún mi. Epo Amẹ́ríkà ńkọ́, lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin 2020? Ó parí sí dọ́là 37.63 lábẹ́ òdo. Látìgbà náà, option (ẹ̀tọ́ láti rà tàbí láti tà ní iye kan, láìjẹ́ dandan) ni mò ń rà. Iye tí mo san lèyí tí mo lè pàdánù, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́: Nígbà tí ọjà bá ń fò báyẹn, option náà á wọ́n gógó. Ọjà lè lọ síbi tí o fẹ́, kí owó tí o san má padà wálé.

Dayọ̀ Mayfair: Òótọ́ ni, sà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Lágere: Ọmọ Olóko, kòkó tó gun ju 12,000 lọ lóṣù kejìlá 2024, kí 2025 tó parí ó ti wà lábẹ́ 7,000. Ṣé Bàbá ṣì ní àpò nílẹ̀?

Ọmọ Olóko: Mọ́kànlá, nínú yàrá tí mò ń sùn tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n lánàá kí wọ́n ta mẹ́ta. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ sá a.