Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó kékeré tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, báwo ni mo ṣe máa kó o jọ tí ò ní sá lọ?

Ẹni tó béèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, owó ò sì kí ń wọlé bákan náà, ọ̀sẹ̀ míì iṣẹ́ á pọ̀ débi tí mi ò ní ráyè jókòó, ọ̀sẹ̀ míì ẹ̀wẹ̀ kò sẹ́ni tó máa yọjú. Ohun tí mò ń ṣe ni pé lálaalẹ́ tí mo bá ti ra gbogbo ohun tó yẹ kí n rà, èyí tó bá ṣẹ́ kù, bó ti wù kó kéré mọ, mo máa ń fi í sílẹ̀ nínú akáǹtì, lọ́kàn mi mo ti ń pè é ní owó ìfipamọ́. Àmọ́ kó tó di ìparí oṣù owó yẹn á ti lọ, mi ò sì ní lè nàka sí nǹkan kan pé ohun tí mo fi ṣe rèé. Mi ò sì kí ń ṣe ẹni tó ń ná ìnákúnàá.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé irú owó bíńtín báyìí tiẹ̀ lè di nǹkan, àbí kí n dúró dìgbà tí iṣẹ́ ńlá bá wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀? Ibo sì ni kí n máa kó o sí? Ẹnì kan ní kí n gbé e sí áàpù kan tó ń fúnni ní èlé rẹpẹtẹ, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Mo ṣì tún jẹ gbèsè díẹ̀ lórí maṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ, mò ń san án díẹ̀díẹ̀ tòun tèlé. Ohun tí mò ń wá ò ju pé tí maṣíìnì yẹn bá dẹnu kọlẹ̀ tàbí tára ọmọ mi ò bá yá, kí n má tún lọ yáwó. Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Owó tó o ní o fi pamọ́ yẹn, o ò tíì fi pamọ́ o, o kàn ò tíì ná an ni. Inú akáǹtì tó o fi ń ra òwú àti bọ́tìnnì náà ló wà, káàdì kan náà, fóònù kan náà, tí ẹni tó ń ta síìpù bá ní kó o fowó ránṣẹ́ ṣé wàá kọ́kọ́ jókòó ṣèṣirò pé èyí ni tòní èyí ni ti ìfipamọ́? Owó ò ní àmì lójú, kò síbi tó ti máa sọ fún ẹ pé òun kọ́ lo fẹ́ ná.

Ohun tí màá ní kó o ṣe rèé. Má dúró dalẹ́ mọ́. Alẹ́ ti pẹ́ jù, gbogbo ìnáwó ti bu tiwọn tán kó tó kan ìwọ. Bí oníbàárà bá ṣe ń sanwó, kó o tó gbé fóònù sílẹ̀, kó o tó fa téèpù jáde láti wọn ẹni tó kàn, yọ tìẹ kúrò nínú ẹ. Tó o bá lè yọ 1 nínú 10, yọ ọ́, tí ò bá ṣeé ṣe, 1 nínú 20. Mo ní kó o máa fi ìdá yọ ọ́ torí pé owó tìẹ ò dúró lójú kan, tó o bá ní iye kan pàtó ni wàá máa fi pamọ́, lọ́sẹ̀ tí kò bá síṣẹ́ ó máa ni ẹ́ lára, wàá sì pa á tì. Àmọ́ ìdá kan nínú 10, tí nǹkan kékeré bá wọlé nǹkan kékeré ló máa jáde, tí kò bá wọlé kò sẹ́ni tó bi ẹ́.

Sí akáǹtì míì ni kó o fi ránṣẹ́ o, èyí tí ò ní káàdì, tó bá ṣeé ṣe báǹkì míì pátápátá. Fún un lórúkọ. Báǹkì tó pọ̀ ló máa ń jẹ́ kéèyàn kọ orúkọ tó wù ú sórí akáǹtì ẹ̀ lórí fóònù, kọ “Maṣíìnì àti Ara Ọmọ Mi” síbẹ̀, kó o wá wò ó bóyá ọwọ́ ẹ á yá láti yọ ọ́ ra bàtà.

Olùkọ́ Ìṣirò

Ìyá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un nítorí ìbéèrè tó ní ṣé owó bíńtín lè di nǹkan.

Ètò kan wà táwọn èèyàn máa ń ṣe, ti ọ̀sẹ̀ 52. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wàá fi ẹyọ owó 1 pamọ́, lọ́sẹ̀ kejì 2, lọ́sẹ̀ kẹta 3, títí wàá fi dé 52. Ẹyọ yẹn lè jẹ́ iyekíye tágbára ẹ bá ká. Tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 1,378 ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò kí ń sọ fún èèyàn ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, 10 péré ni gbogbo ohun tó o máa kó jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan, 202. Ìgbà tí ìtara àkọ́kọ́ bá ti wá rọ̀ ni wọ́n á wá ní kéèyàn mú èyí tó pọ̀ jù wá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jábọ́.

Ẹni tí owó ẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi tìẹ, ṣe é báyìí: kọ nọ́ńbà látorí 1 dé 52 sórí pépà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú maṣíìnì ẹ. Lọ́sẹ̀ tíṣẹ́ bá pọ̀, mú 45, fi owó 45 pamọ́, fagi lé e. Lọ́sẹ̀ tó bá gbẹ, mú 2. Kò sí nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì, ìgbà tó o bá fagi lé gbogbo ẹ̀ tán 1,378 kan náà ló máa jẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ nítorí pé ojú ń rí i, ọ̀sẹ̀ tó burú gan-an ṣì máa ń ní nọ́ńbà kékeré kan tó bá a mu, kò síbi tí wàá ti sọ pé agbára mi ò gbé e.

Oníṣòwò

Ẹ má bínú o, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Owó tó jókòó sójú kan ń gbẹ. Tí báǹkì bá ń fún ẹ ní èlé 4 nínú 100 lọ́dún, tí ọjà sì ń fi 10 nínú 100 wọ́n sí i, 100 tó o fi síbẹ̀ á di 104 lóòótọ́, àmọ́ ohun tí 100 ń rà tẹ́lẹ̀ ti di 110. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, kó kúkú fi owó yẹn ra òwú, síìpù àti bọ́tìnnì lọ́pọ̀ ju kí owó náà jókòó sí báǹkì. Ohun tó máa lò náà ni, kò sì ní bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin sà, òótọ́ ni fún owó tí ẹ ò ní lò fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ní òun fẹ́. Tára ọmọ ò bá yá láàárín òru, ṣé ó máa gbé páálí bọ́tìnnì lọ fún dókítà ni? Owó pàjáwìrì, pé ó ṣeé mú lọ́gán ni iṣẹ́ ẹ̀, kì í ṣe pé kó bímọ. Tó bá ti kó èyí tó lè gbé ilé ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, kó wá máa ra ọjà pa mọ́ pẹ̀lú èyí tó bá lé.

Oníṣòwò

Mo gbà bẹ́ẹ̀ mà. Kó kọ́kọ́ ní ti pàjáwìrì.

Ọmọ Báǹkì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti áàpù àti gbèsè, torí iṣẹ́ mi ni.

Àbúrò mi, ọkàn ẹ tí ò balẹ̀ yẹn, gbọ́ tiẹ̀. Kó o tó fowó síbì kankan, béèrè bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tó o wà, àti bóyá àjọ adójútòfò fún owó báǹkì máa san owó ẹ padà tí wọ́n bá wọ́gbá. Àwọn fúnra wọn kọ́ ni wàá bi o, orúkọ wọn ni kó o lọ wò nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Èlé tó bá fi ọ̀nà jíjìn ju ti gbogbo báǹkì yòókù lọ, ewu ló ń sanwó ẹ̀, owó pàjáwìrì ò sì gbọ́dọ̀ súnmọ́bẹ̀.

Ti gbèsè, wò ó báyìí. Ká ní gbèsè maṣíìnì ń gba èlé 24 nínú 100 lọ́dún, tí akáǹtì ìfipamọ́ ń fún ẹ ní 5, gbogbo 100 tó o bá kó síbẹ̀ dípò kó o fi san gbèsè, 19 ló ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́dún. Ṣùgbọ́n tó o bá kó gbogbo owó lé gbèsè lórí, tí maṣíìnì wá bàjẹ́, gbèsè tuntun náà lo máa padà lọ jẹ. Nítorí náà kọ́kọ́ kó iye tó lè tún maṣíìnì yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn nìkan, kó o wá kó gbogbo èyí tó bá lé sórí gbèsè títí á fi tán. Lọ́jọ́ tó o bá san èyí tó kẹ́yìn, má jẹ́ kí owó tó o fi ń san gbèsè yẹn padà sínú ìnáwó ilé, iye kan náà, ọjọ́ kan náà, yí i sí akáǹtì ìfipamọ́. Ara ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí i.

Báǹkì míì tún ní èyí tó ń sún owó: tó o bá ra nǹkan 37, wọ́n á yọ 40, 3 tó lé á bọ́ sí ìfipamọ́. Bank of America bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ lọ́dún 2005. Ó dáa, àmọ́ ìgbà tó o bá ń náwó nìkan ló ń ṣiṣẹ́, má gbé gbogbo ẹ̀ lé e.

Èyí tí mo gbà gbọ́ jù ni títì í pa. Nava Ashraf, Dean Karlan àti Wesley Yin ṣe ìwádìí kan ní Philippines tó jáde lọ́dún 2006. Wọ́n fi akáǹtì kan lọ àwọn oníbàárà báǹkì, èyí tí wọn ò ní lè yọ owó nínú ẹ̀ àfi tí ọjọ́ tàbí iye tí wọ́n fúnra wọn dá bá pé. 28 nínú 100 ló gbà. Síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12, tó o bá fi gbogbo àwọn tí wọ́n fi lọ̀ wé àwọn tí wọn ò fi lọ̀, bí owó ìfipamọ́ wọn ṣe pọ̀ sí i fi 81 nínú 100 ju tàwọn yẹn lọ. Owó wọn náà ni o, wọ́n kàn ní kí báǹkì bá àwọn dì í mú ni.

Olùkọ́ Ìṣirò

Èyí tún rán mi létí Richard Thaler, tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọrọ̀ ajé lọ́dún 2017. Òun àti Shlomo Benartzi bá àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣe é pé kí wọ́n gbà báyìí pé ìgbàkígbà tí owó oṣù bá lé, díẹ̀ nínú àlékún yẹn á bọ́ sí ìfipamọ́. Láàárín oṣù 40, àwọn tó gbà kúrò lórí fífi ìdá 3.5 nínú 100 owó oṣù wọn pamọ́, wọ́n bọ́ sí 13.6. Ìwọ náà lè pinnu ẹ̀ lónìí, pé lọ́jọ́ tí mo bá fowó lé iye tí mò ń ránṣọ, 1 nínú 10 mi á di 1 nínú 8.

Ẹni tó béèrè

Ha, ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mà, ìbéèrè kan ló kù. Tí mo bá kó o jọ tí àìsàn wá dé lóòótọ́ tí mo yọ ọ́ tán, ṣé kì í ṣe pé mo padà síbi tí mo wà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì

Rárá o, ọmọ mi. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ọmọ ẹ gba ìtọ́jú, kò sẹ́ni tó ń pè ẹ́ lórí fóònù pé kó o wá sanwó òun, ohun tó o tìtorí ẹ̀ kó o jọ nìyẹn. Oníbàárà tó bá kọ́kọ́ sanwó lẹ́yìn náà, yọ ìdá kan nínú 10. Gbèsè yẹn, kó tó dọ̀la, bi wọ́n léèrè èlé tó wà lórí ẹ̀ gan-an, kó o wá sọ iye ẹ̀ fún wa níbí ká bá ẹ ṣírò ẹ̀.