Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì (parts of speech) ń da àwọn ọmọ mi láàmú

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní JSS 2. Wọ́n lè ka oríkì (definition) ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún yín láìkọsẹ̀, àmọ́ bí olùkọ́ bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, àbá ni wọ́n ń dá. Ọgbọ́n wo ni kí n fi kọ́ wọn nílé?

Tíṣà Gírámà:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Oríkì tí wọ́n há sórí kò burú, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ní ìsọ̀rí kan pàtó títí a ó fi rí ohun tó ń ṣe nínú gbólóhùn. Ẹ fi Yorùbá là wọ́n lójú ná. "Mo ní owó", "Mo wà ní ilé": "ní" kan náà ni létí, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe (verb) ni ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-atọ́kùn (preposition) ni ti èkejì. Bí ìyẹn bá ti yé wọn, ẹ gbé "fast" síwájú wọn. Nínú "a fast car", ọ̀rọ̀-àpèjúwe (adjective) ni. Nínú "He runs fast", ọ̀rọ̀-àpọ́nlé (adverb). "Muslims fast in Ramadan", ọ̀rọ̀-ìṣe. "She broke her fast at seven", ọ̀rọ̀-orúkọ (noun).

Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní ìdánwò tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe. Fún ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ fi "yesterday" síwájú gbólóhùn; ọ̀rọ̀ tó bá yí padà ni. "They fast" á di "Yesterday they fasted". "Cut", "put" àti "hit" kì í yí padà, nítorí náà ẹ fi "he" rọ́pò olùwà (subject), kí ẹ wò ó bóyá á gba "s": "he cuts". Fún ọ̀rọ̀-àpèjúwe, "very" nìkan ni ọ̀pọ̀ ń lò, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣì í, torí "very quickly" náà dára. Ẹ bi wọ́n bóyá ó lè jókòó sáàárín "the" àti ọ̀rọ̀-orúkọ. "The quick boy" ń lọ geere. "The quickly boy" há sí ọ̀fun.

Baba Olówó-orí:
Mo fara mọ́ ti Tíṣà. Kí n fi kún un: ọ̀rọ̀ tó bá ti ní "-ly" nídìí, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé sí i, ó parí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò parí síbẹ̀ o. "Friendly", "lovely", "costly", "cowardly", ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni gbogbo wọn. Ẹ yọ "-ly" kúrò. Bí ohun tó ṣẹ́ kù bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi "friend" àti "coward", ọ̀rọ̀-àpèjúwe ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe ló kù, bíi "slow", ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni. Kí wọ́n sì ṣọ́ "hard". "He works hard", ó ń ṣiṣẹ́ kára. "He hardly works", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá. Àpọ́nlé ni méjèèjì, ìtumọ̀ wọn ló ta kora.

Ìyá Ìbejì, ohun kan tún wà tí Yorùbá ẹnu wọn ń fà. "Ga", "tóbi", "dára", ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n lọ́dọ̀ wa. "Ó ga" ti pé. Gẹ̀ẹ́sì ní "He is tall", "is" sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀. Ọmọ tó bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú ọkàn á mú "tall" bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ ní kó pe "talled" sókè, ẹ̀rín á pa á.

Ayàwé:
Ẹnikẹ́ni ò tíì kan "before", "after" àti "since", bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni máàkì ti ń ṣòfò jù. Ohun tó tẹ̀lé e ni kí wọ́n wò. "After lunch": ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ló tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni. "After we ate": olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀-asopọ̀ (conjunction) ni. "I have seen it before": kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni.

Ẹ yẹ ìwé wọn wò pẹ̀lú. Àwọn ìwé àtijọ́ pe "my" àti "this" nínú "my bag" àti "this bag" ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Àwọn tuntun ń pè wọ́n ní determiner, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi èyí tí à ń sọ hàn. Olùkọ́ tó ń lo ọ̀kan lè fagi lé èkejì, nítorí náà orúkọ tó wà nínú ìwé ilé-ìwé wọn ni kí wọ́n kọ. Mẹ́jọ yẹn pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn onígírámà Gíríìkì ló ti ṣẹ̀, ó gba ọwọ́ àwọn elédè Látìn kó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kó dà bí òfin Mósè.

Tíṣà Gírámà:
Òótọ́ ni. Fún ìdánrawò, ẹ gé páálí kéékèèké 20, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "well", "round", "light", "down", "like", "that", "since", "record" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, ìyẹn ti mú un rọrùn. Táíwò á fa páálí kan, á fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe gbólóhùn. Kẹ́hìndé á sọ ìsọ̀rí rẹ̀ àti ìdánwò tó fi mọ̀ ọ́n. Bí kò bá lè sọ ìdánwò, kò gba máàkì, kódà bí ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Páálí márùn-ún lálẹ́ kan ti tó. Bí "record" tàbí "export" bá jáde, etí ni kí wọ́n lò: bí agbára ohùn (stress) bá wà lórí sílébù àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, bí ó bá wà lórí èkejì, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ọmọ tó ń gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ á gbọ́ èyí náà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni. "I am going home" ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ báyìí. Táíwò ní ọ̀rọ̀-orúkọ ni "home", torí ilé ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Rárá mà, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni. Ẹ fi "there" rọ́pò rẹ̀: "I am going there". Ó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi "to" síwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ "My home is far" ni, Táíwò ló gbà á, torí "my" ló ṣáájú rẹ̀.