Sípúrúùsì kúkúrú mi ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀ka kan sì ń sáré jáde lára rẹ̀

Àdùkẹ́_Ọgbà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ ọgbà. Igi kan ló ń já mi láyà. Sípúrúùsì kúkúrú ni, èyí tí wọ́n kọ Picea glauca 'Conica' sí lára, tó máa ń fẹ̀ nídìí tó sì máa ń ṣe ṣóńṣó lókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gé e. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbìn ín sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń mú dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí pé bí gbogbo igi yòókù bá wọ́wé tán nígbà òtútù, tirẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ohun méjì ni mo rí báyìí. Ìhà tó kọjú sí ògiri ti ń pàwọ̀ dà. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé eruku bò ó, ó wá ń pọ́n, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, ewé abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa já sílẹ̀. Ìkejì, ẹ̀ka kan yọ ní agbedeméjì igi náà, ó ń sáré ju àwọn tó kù lọ, ewé rẹ̀ gùn ó sì le, àfi bíi pé igi mìíràn ló hù níbẹ̀. Ṣé omi ni ò tó ni, àbí àìsàn? Mo tún fẹ́ gbin méjì-mẹ́ta irú rẹ̀ tì í, bí ẹ bá lè júwe èyí tó dára fún mi.

Baba_Eléwéko:
Àdùkẹ́, ẹ̀ka yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, òun ni kò ní dúró dè yín. Kì í ṣe àìsàn rárá. Lọ́dún 1904 ni Alfred Rehder àti J. G. Jack, àwọn onímọ̀ ewéko láti ọgbà igi tí wọ́n ń pè ní Arnold Arboretum, rí igi yìí nítòsí Laggan ní Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Sípúrúùsì funfun ni, irú èyí tó lè ga ju mítà 20 lọ nínú igbó, ṣùgbọ́n ìyípadà kan nínú ẹ̀dá rẹ̀ ló jẹ́ kó máa rọra dàgbà. Nígbà míì, ojú ẹ̀ka kan á padà sí ìwà ìdílé, á wá máa nà bí àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú igbó.

Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ni igi yín ń ga lọ́dún. Ẹ̀ka tó padà yẹn lè gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, bó pẹ́ bó yá, òun ni yóò gba igi náà lọ. Ẹ má kàn rẹ́ orí rẹ̀ o. Ẹ fọwọ́ ya àwọn ewé tó yí i ká, ẹ tọ̀ ọ́ dé ìdí ibi tó ti yọ gan-an, kẹ́ ẹ fi àlùmọ́gàjí tó mú gé e kúrò pátápátá. Bí kùkùté bá ṣẹ́ kù, yóò tún hù.

Ní ti pípọ́n yẹn, mi ò rò pé omi ni. Ẹ mú bébà funfun, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀ka tó wà láàárín ibi tó ti pọ́n àti ibi tó ṣì tutù, ẹ lu ẹ̀ka náà, kẹ́ ẹ wo ohun tó já bọ́.

Àdùkẹ́_Ọgbà:
Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti gé ẹ̀ka náà. Mo sì lu èkejì lórí bébà: àwọn nǹkan tín-ín-tín ń rìn! Wọn ò yára, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn. Mo rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn láàárín àwọn ẹ̀ka pẹ̀lú. Ṣé kí n wá oògùn apakòkòrò tó le?

Òdòdó_Ẹ̀yìnkùlé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ìbátan aláǹtakùn ni wọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní, ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa kòkòrò kì í ràn wọ́n. Àwọn tó ń jẹ wọ́n ni oògùn náà máa pa, wọ́n á wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oligonychus ununguis ni orúkọ wọn. Ìgbà tí ara ilẹ̀ bá tutù díẹ̀, nígbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, ni wọ́n máa ń fa omi ara ewé jù, àmọ́ ìgbà ooru ni pípọ́n náà máa ń fojú hàn, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń dá oòrùn lẹ́bi.

Rọ́bà omi ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí omi náà tú jáde pẹ̀lú agbára, kẹ́ ẹ fi fọ inú igi náà láti ìsàlẹ̀ sókè, pàápàá ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri, níbi tí òjò kì í dé. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí bébà yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka tó ti pá. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ẹ ní sùúrù fún un. Bó bá ti gbẹ, ẹ gé e.

Baba_Eléwéko:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Òdòdó sọ. Ní ti àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn tì í, èmi ò lè ṣe láìní Juniperus squamata 'Blue Star'. Ewé rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù bíi ti fàdákà, kì í sì í ga. Picea abies 'Nidiformis' náà dára, ó máa ń tẹ́ sílẹ̀, àárín rẹ̀ á sì jin díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Pinus mugo, ìyẹn irú igi páìnì kan, ẹ rí i pé orúkọ irú rẹ̀ gan-an wà lára rẹ̀, torí èyí tí wọ́n fi èso gbìn lásán lè ga kọjá orí yín. Ìgbà ìrúwé, tí ọ̀mùnú rẹ̀ bá nà ró tí ewé kò tíì là, ẹ fi ìka ṣẹ́ ìdajì rẹ̀, yóò ki pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gé èyíkéyìí nínú wọn wọ ibi tí kò ti séwé mọ́, kò ní rúwé níbẹ̀ láé.

American Conifer Society, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn irú igi eléwé abẹ́rẹ́ báyìí, ka igi tó ń fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 15 dàgbà lọ́dún sí kúkúrú. Ẹ fi ọdún mẹ́wàá ṣírò ìyẹn kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ máa fa omi dáadáa, torí gbòǹgbò wọn máa ń rà nínú omi adágún, kẹ́ ẹ sì gbìn wọ́n jìnnà sí ògiri tó láti rìn yí wọn ká pẹ̀lú rọ́bà omi.