Kí ni iṣẹ́ àwọn ògiri irin tí ó pín inú ọkọ̀ òkun?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wo àwòrán bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ òkun ńlá, mo sì rí i pé ògiri irin pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan dábùú ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àwọn mìíràn sì nà gbọọrọ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Èrò mi ni pé kí ẹrù má baà dàpọ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnìkan sọ fún mi pé kí ọkọ̀ má baà rì ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Titanic, tí ó ní irú ògiri yìí, fi rì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Awakọ̀_Òkun:

Ẹ kú ìbéèrè. Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Iṣẹ́ ògiri tí ó dábùú ọkọ̀ ni láti sé omi mọ́ ibi tí ó bá gbà wọlé, kí àwọn yàrá tí ó kù lè máa gbé ọkọ̀ náà léfòó. Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Ọkọ̀ onípákó kan tí wọ́n hú jáde ní Quanzhou, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ní 1974, tí ó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, ní ògiri 12 tí ó pín in sí yàrá 13.

Titanic ní ògiri 15 tí ó pín in sí yàrá 16, wọ́n sì ṣe é débi pé bí yàrá 4 àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ kún fún omi, kò ní rì. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 1912, òkè yìnyín lu ara rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́ títí wọ ìkẹfà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ògiri àárín rẹ̀ kò ga kọjá àjà (ìyẹn ìpele inú ọkọ̀) tí wọ́n ń pè ní E, kò sì sí ohun tí ó dé orí wọn pa tí omi kò fi ní lè gorí wọn kọjá. Bí imú ọkọ̀ náà ṣe ń tẹ̀ wọlẹ̀, omi yàrá iwájú ń ga ju orí ògiri lọ, ó sì ń dà sínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, láti yàrá dé yàrá. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 péré ni gbogbo rẹ̀ gbà, ẹ̀mí tí ó lé ní 1,500 sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá Olympic, tí ó jẹ́ ìkejì rẹ̀, padà sí ibi tí wọ́n ti kàn án, wọ́n sì gbé díẹ̀ nínú àwọn ògiri rẹ̀ ga dé àjà B, tí ó wà lókè E. Ní tèmi, ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè nípa ọkọ̀ kankan ni ibi tí orí ògiri rẹ̀ dé, kí á tó béèrè iye wọn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn tí ó nà gbọọrọ ńkọ́? Bí ògiri bá sì ní ilẹ̀kùn, ṣé omi kò ní gba ibẹ̀ kọjá ni?

Ìyá_Ìbejì_Òkun:

Ti ilẹ̀kùn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ó ti pa ènìyàn púpọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn kọlu Empress of Ireland nínú kùrukùru, ní odò St. Lawrence ní Kánádà, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 1914, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti àwọn ilẹ̀kùn ògiri rẹ̀, àyè kò sì sí láti tì wọ́n. Ìṣẹ́jú 14 ni ó fi rì, ó sì gba ẹ̀mí 1,012. Òfin kò tilẹ̀ gba ilẹ̀kùn rárá nínú apá ìsàlẹ̀ ògiri tí ó kángun sí imú ọkọ̀, èyí tí ó ń dúró de ìkọlù.

Àwọn tí ó nà gbọọrọ ń kápá omi tàbí epo tí ó ń mì. Ẹni tí ó bá ti ru omi sínú báàsì fífẹ̀ mọ̀ pé bí omi náà bá ti ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fa ẹni tí ó rù ú lọ síbẹ̀, ìyẹn ni àwọn ìyá wa fi ń fi abọ́ lé ojú rẹ̀. Bí ògiri kan bá pín àgbá epo sí méjì ọgbọọgba lójú fífẹ̀, agbára tí epo náà ní láti yí ọkọ̀ ń dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ agbépo tí ó tóbi jù lọ fi sábà ní ògiri gbọọrọ méjì. Ẹ wá wo Herald of Free Enterprise, tí ó ń gbé mọ́tò àti èrò: àjà tí mọ́tò ń dúró sí nínú rẹ̀ ṣófo gbalaja láìsí ògiri kankan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1987, ó kúrò ní Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ ní ṣíṣí, omi rọ́ wọlé, ó sì dojú dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ènìyàn 193 ni ó kú.

Ṣùgbọ́n ògiri gbọọrọ ní ewu tirẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá lu, ó lè há omi mọ́ ibẹ̀, kí ọkọ̀ sì fì sí ẹ̀gbẹ́ náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń la ojú ọ̀nà kan tí omi lè gbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Wẹ́dà_Àpápá:

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi ti iná àti ti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Àwọn ògiri kan wà tí a ń pè ní A-60. Bí iná bá ń jó ní ìhà kan wọn fún ìṣẹ́jú 60, ooru ìhà kejì kò gbọdọ̀ fi ju ìwọ̀n 140 ti Celsius lọ ní ìpíndọ́gba sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ògiri wọ̀nyí náà ni wọ́n ń ran ara ọkọ̀ lọ́wọ́ kí ìgbì má baà lọ́ ọ.

Ibi tí wàhálà ti máa ń wà ni ihò tí páìpù àti wáyà gbà kọjá. Ẹni tí ó bá lu ògiri láti fa wáyà, tí kò sì dí i padà bí ó ti yẹ, ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́. Bí a bá fi iná wẹ́dà jó irin ògiri pọ̀ tán, a máa ń fi rọ́bà tú omi tí ó ní agbára sí ojú ibi tí a jó, a ó sì dúró ní ìhà kejì láti wò bóyá omi ń yọ. Níbi tí a kò bá ti lè da omi, ẹfun ni a ń kùn sí ìhà kan, a ó fi kẹrosíìnì pa ìhà kejì, a ó sì dúró. Bí àmì dúdú bá yọ lára ẹfun, a ó fá ibẹ̀ kúrò, a ó sì tún un jó.