Ọ̀gá àná, awakọ̀ àná: báwo ni mo ṣe lè kọ ìfẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yìí kó má dà bí àánú?

Akọ̀wé Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn ìfẹ́ ni mò ń kọ, bíi 10,000 ọ̀rọ̀, Àbújá ló ti ṣẹlẹ̀. Fọlá ń kó táìlì wọlé láti òkè òkun, Adé sì ni awakọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, Adé ti ní ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀, Fọlá sì ti kó kúrò ní Gwarinpa lọ sí yàrá kan ní Mararaba. Mo fẹ́ kí ìfẹ́ wọn rọra jí. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí Adé bá fún Fọlá lówó, ṣe ló ń dà bíi pé ó ń rà á. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Gírámà:
Ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Ẹnu wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí Adé jẹ́ awakọ̀, "ẹ" ló ń fi bá Fọlá sọ̀rọ̀. "O" ni Fọlá ń fi dá a lóhùn. Bí ayé ṣe wá yí, Fọlá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ẹ" fún Adé. Ìyẹn gbọ́dọ̀ dun Adé wọra, torí ọ̀wọ̀ ẹni tó wá yáwó ni. Kí Adé di "ẹ" tirẹ̀ mú ṣinṣin títí ìtàn á fi lọ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré: "Ṣé o ti jẹun?" Ẹ ò tún nílò ìfẹnukonu lójú ìwé yẹn.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni ìgbàgbé: "o" lójú ìwé kẹta, "ẹ" lójú ìwé karùn-ún. Ẹ fi bírò aláwọ̀ méjì sàmì sí gbogbo wọn kí ẹ tó gbé ìtàn náà jáde.

Ẹ tún rántí pé "ó" wa kì í sọ akọ tàbí abo. "Olólùfẹ́" náà kì í sọ ọ́, orúkọ tí ẹ sì fún wọn, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí irùngbọ̀n ti yọjú ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí òǹkàwé má bàa rò pé ẹ ń tijú wọn.

Oníṣirò Nyanya:
Àbúrò, ìṣubú Fọlá gbọ́dọ̀ ní déètì. "Ọjà kò tà mọ́" kò tó. Oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀: láti nǹkan bí 470 sí dọ́là kan, ó ti lé ní 1,500 ní oṣù kejì 2024. Ká ní Fọlá gba táìlì 20,000 dọ́là láwìn, tó sì tún tà á láwìn ní náírà fún àwọn kọngílá. Gbèsè mílíọ̀nù 9.4 di mílíọ̀nù 30. Kò mutí, kò ta tẹ́tẹ́. Ìdí nìyẹn tí Adé á ṣì lè máa bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ má sì kó ọkọ̀ mẹ́wàá fún Adé. Méjì tó, kí ọ̀kan máa wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tó ń wá owó dísẹ́ẹ̀lì kiri kì í ráyè ṣe fàájì olówó.

Owó tó dà bí ríra yẹn, ohun tó fà á ni pé apá kan ṣoṣo ló ń fúnni. Owó ilé ní Mararaba, ọdọọdún ni. Bí Adé bá san án, ó ti di onílé Fọlá. Ẹ jẹ́ kí Fọlá kọ́kọ́ fúnni. Ó mọ ìwé ìṣirò dáadáa: kó jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́ta, kó gbé iye lítà tó wọ tánkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn, kó rí ibi tí awakọ̀ ti ń fa dísẹ́ẹ̀lì tà. Kí Adé wá san owó iṣẹ́, kí wọ́n sì ná an gan-an, títí dórí ẹgbẹ̀rún kan. Ibi tí owó bá ti kọjá lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má fọwọ́ kan ara wọn níbẹ̀.

Akọ̀wé Kubwa:
Háà, ojú ìwé kẹta gan-an ni mo ti ba "ẹ" yẹn jẹ́! Ẹ ṣé. Ṣé wọ́n lè di ọwọ́ ara wọn mú létí adágún Jabi lálẹ́?

Lọ́yà Àìsùn:
Òfin 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà ń bẹ níbẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ohun tó wá dùn láti kọ ni pé lókè Ọya, ọ̀rẹ́kùnrin méjì lè di ọwọ́ ara wọn mú máa rìn lọ, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Kí Adé àti Fọlá rí irú wọn lójú ọ̀nà. Àwọn ni kò ní lè ṣe é, torí wọ́n mọ ohun tó wà nínú tiwọn. Pé ọkùnrin méjì ń pín yàrá kò ya aládùúgbò lẹ́nu, owó ilé wọ́n. Ìyá tó ń pe fóònù béèrè ìyàwó ni ìyọnu.

Inú ọkọ̀ ni kí ẹ kó wọn sí, nínú gósílóò Nyanya láàárọ̀. Adé ló ṣì ń wakọ̀. Kí Fọlá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn torí ó ti mọ́ ọn lára, kó dúró díẹ̀, kó pa á dé, kó wá síwájú.

Ìyá Gírámà:
Kó má tíì di bẹ́líìtì rẹ̀ tán tí Adé á fi sọ "Ṣé o ti jẹun?" yẹn.