Ìdáhùn kan lé, ìdáhùn méjì sọnù: níbo ni mo ti ṣì í?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣirò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ìdáhùn mi bá ti ẹ̀yìn ìwé mu nínú wọn.

Àkọ́kọ́: √(x + 7) = x − 5. Mo sọ apá méjèèjì di square: x + 7 = x² − 10x + 25. Mo kó gbogbo ẹ̀ sí apá kan: x² − 11x + 18 = 0, ìyẹn (x − 9)(x − 2) = 0. Nítorí náà x = 9 tàbí x = 2. Ìwé ní 9 nìkan ni.

Èkejì: wọ́n ní ká wá gbogbo ibi tí ìlà y = x⁴ − 8x² ti yí padà. dy/dx (bí ìlà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ sí) = 4x³ − 16x. Mo ní kó dọ́gba pẹ̀lú òdo, ó di 4x³ = 16x. Mo fi 4x pín apá méjèèjì, x² = 4, x = 2. Ìwé ní mẹ́ta ni: −2, 0 àti 2.

Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni mo ṣe tí kò yẹ?

Àmìdọ́gba:
Ìṣirò yín ò ní àṣìṣe kankan nínú ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i. Square yẹn gan-an ló fà á. Tí nǹkan méjì bá dọ́gba, square wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, àmọ́ ẹ ò lè gba ọ̀nà yẹn padà: 3 àti −3 ò dọ́gba, síbẹ̀ 9 ni square àwọn méjèèjì.

Ẹ fi 2 sínú ìdọ́gba tí wọ́n fún yín. Apá òsì á di √9, 3 nìyẹn. Apá ọ̀tún á di 2 − 5, −3 nìyẹn. Àmì √ kì í mú nọ́ńbà tí kò tó òdo jáde, nítorí náà 2 kò wọlé. Ẹ wá fi 9 sí i: √16 jẹ́ 4, 9 − 5 náà jẹ́ 4.

Ibo wá ni 2 ti wá? Òun ni ìdáhùn −√(x + 7) = x − 5. Tí ẹ bá sọ ìyẹn náà di square, x² − 11x + 18 = 0 kan náà lẹ máa bá. Ìdọ́gba méjì ló ti wọ inú ara wọn láìjẹ́ pé ẹ fura. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé inú ìdọ́gba àkọ́kọ́ pátápátá ni kí ẹ ti yẹ ìdáhùn wò. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nínú x² − 11x + 18, ayédèrú náà á yege lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìlàtótẹ̀:
Kí n mú ti èkejì. Àṣìṣe méjì ni, ọ̀tọ̀ lèyí tó gbé 0 lọ, ọ̀tọ̀ lèyí tó gbé −2 lọ.

Ẹ fi 4x pín in. A kì í fi òdo pín nǹkan, bẹ́ẹ̀ x fúnra ẹ̀ lè jẹ́ òdo. Bí ẹ ṣe pín in báyẹn, ẹ ti ní x kì í ṣe 0, ẹnì kankan ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, x² = 4 ní ìdáhùn méjì, 2 àti −2; ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ má pín in. Ẹ fa ohun tó wọ́pọ̀ jáde:

4x³ − 16x = 0
4x(x² − 4) = 0
4x(x − 2)(x + 2) = 0

Ó di dandan kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òdo: x = 0, x = 2, x = −2. Ẹ dá wọn padà sínú y, kì í ṣe sínú dy/dx (ẹ̀yí tún ń jẹ máàkì gan-an). Ní 0, y = 0. Ní 2 àti −2, y = 16 − 32 = −16. d²y/dx² (dy/dx tí a tún wá dy/dx rẹ̀) = 12x² − 16: ní 0 ó jẹ́ −16, kò tó òdo, ṣóńṣó ni; ní ±2 ó jẹ́ 48 − 16 = 32, ó ju òdo lọ, ìsàlẹ̀ kòtò ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣirò:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Tí √ bá wá jẹ́ méjì ńkọ́? √(2x + 3) + √(x − 2) = 4. Mo sọ ọ́ di square: 2x + 3 + x − 2 = 16, x = 5. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe wí, √13 + √3 ju 5 lọ. Kò tiẹ̀ sí ìdáhùn kankan lọ́wọ́ mi báyìí.

Àmìdọ́gba:
Háà! (a + b)² kì í ṣe a² + b². 2ab wà láàárín, ẹ sì ti gbé e jù sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ dá √ kan sí apá kan:

√(2x + 3) = 4 − √(x − 2)
2x + 3 = 16 − 8√(x − 2) + x − 2
x − 11 = −8√(x − 2)

√ kan ló kù. Ẹ tún un sọ di square:

x² − 22x + 121 = 64(x − 2)
x² − 86x + 249 = 0
(x − 3)(x − 83) = 0

Ní 3: √9 + √1 = 4, ó wọlé. Ní 83: √169 + √81 = 13 + 9 = 22. Ẹ lé e dànù. Kẹ́ ẹ sì kíyè sí 8 yẹn: square rẹ̀ ni 64, àwọn kan máa ń fi 8 sílẹ̀ bó ṣe wà.

Fìlàọ̀nà:
Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú √(x + 7) = x − 5, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé x − 5 ò gbọ́dọ̀ dín sí òdo, ìyẹn x ≥ 5. Bí 2 bá ti yọjú, ẹ ti mọ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún ti Ìlàtótẹ̀: d²y/dx² lè fọwọ́ yín sílẹ̀ lófo. Ẹ wo y = x⁴ − 4x³. dy/dx = 4x²(x − 3), x = 0 tàbí 3. Ní 3, d²y/dx² = 12x² − 24x = 36, ìsàlẹ̀ kòtò ni, y = −27. Ní 0, òdo ló fún wa, òdo kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ padà sí dy/dx, kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà kan ṣáájú 0, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀: ní −1 ó jẹ́ −16, ní 1 ó jẹ́ −8. Ìlà ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó sinmi díẹ̀, ó tún ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò yí padà níbẹ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dy/dx = 0.

Log náà (bí àpẹẹrẹ, log₂8 jẹ́ 3, torí 2³ = 8) ń mú ayédèrú wá. log₂x + log₂(x − 2) = 3 á di x(x − 2) = 8, x = 4 tàbí −2. Nọ́ńbà tí kò tó òdo ò ní log níbí, 4 nìkan ló kù.