Ìmọ̀ràn: àṣẹ wo ló máa fi ibi tí sáfà ti ń wá orúkọ hàn mí?

Oní-sáfà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Linux ló wà lórí sáfà wa. A yí àdírẹ́sì ẹ̀rọ dátábéèsì wa padà. Tí mo bá fi àṣẹ dig wá àdírẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ní, tuntun ló ń gbé jáde. Ping, àṣẹ tó ń dán ẹ̀rọ mìíràn wò bóyá ó ń dáhùn, ní tiẹ̀ ń lọ síbi àtijọ́. Àṣẹ wo ni kí n tẹ̀ kí n lè rí gbogbo ibi tí sáfà yìí ti ń wá orúkọ? Tẹ́míná nìkan ni mo ní lọ́wọ́.

Ìka-yíyá
getent ni kí ẹ lò. dig kì í wo /etc/hosts (fáìlì orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lórí sáfà yín fúnra rẹ̀), sáfà DNS, èyí tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní, ló ń bi ní tààrà. Ọ̀nà tí /etc/nsswitch.conf là sílẹ̀ ni ping àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn ń tọ̀. Ẹ tẹ:

`grep hosts /etc/nsswitch.conf`

Tó bá jẹ́ "hosts: files dns" lẹ rí, a jẹ́ pé /etc/hosts ló ń kọ́kọ́ wò, tó bá sì ti rí orúkọ níbẹ̀, kò ní dé DNS mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `getent ahosts` pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ yẹn. Ohun tó bá gbé jáde ni ping ń rí. Ìlà àtijọ́ kan nínú /etc/hosts ni mo fura sí.

Bàbá-Tẹ́míná
Ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wo /etc/resolv.conf, fáìlì tó ń sọ sáfà DNS tí a ó bi. Tó bá jẹ́ 127.0.0.53 ló wà níbẹ̀, systemd-resolved, ètò kan tó ń wá orúkọ lórí sáfà yín fúnra rẹ̀, ló ń dáhùn, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń ka /etc/hosts, torí náà dig pàápàá ì bá ti mú àdírẹ́sì àtijọ́ wá. `resolvectl status` ló máa tú àwọn sáfà DNS tó wà lẹ́yìn rẹ̀ síta, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀.

Oní-sáfà
Kò sí 127.0.0.53, ìlà nameserver méjì àti search kan ni mo rí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ahosts, tí kì í ṣe hosts?

Ìka-yíyá
`getent hosts` ń kọ́kọ́ wá IPv6 (àdírẹ́sì gígùn), tó bá sì rí i, kò ní fi IPv4 (irú bíi 127.0.0.53) hàn yín. ahosts ní tiẹ̀ ń fi méjèèjì hàn.

Bàbá-Tẹ́míná
Ẹ ṣọ́ra fún ìlà search yẹn. Òun ló ń fi orúkọ domain kún orúkọ kúkúrú, dig kì í sì í lò ó àfi tí ẹ bá fi +search sí i. Àìmọye èèyàn ló ti pariwo pé DNS ti kú nítorí èyí. Tí nameserver àkọ́kọ́ bá sì dákẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni glibc, àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò Linux fi ń wá orúkọ, máa fi dúró kó tó bi èkejì; ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń fà.

Àjòjì_Alpine
Tó bá jẹ́ inú container Alpine (irú Linux kékeré kan) ni, ẹ gbàgbé nsswitch. musl, tí Alpine ń lò dípò glibc, ò kà á.

Oní-sáfà
Ẹ ṣeun, mo ti rí i: "10.0.4.17 db-akanti" ló wà nínú /etc/hosts. Mo ti yọ ọ́, ping ti ń lọ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n áàpù wa ṣì ń bá ti àtijọ́ sọ̀rọ̀.

Ìka-yíyá
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìsopọ̀ tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ ló ṣì dì mú. Ẹ fi `ss -tnp` wò ó, tí 10.0.4.17 bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pa áàpù náà, kí ẹ tún un tàn.